Kí ni nǹkan funfun bí òwú tó bo igi òdòdó mi, tí èèrà sì ń gùn ún?

Kòkòrò ni, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ fi ìka tẹ ọ̀kan wò: á fọ́, omi á jáde. Omi ara ewé ló ń fà mu, ó sì ń ya omi dídùn sílẹ̀. Omi dídùn yìí ni èèrà ń wá, orí rẹ̀ náà ni nǹkan dúdú bí èédú ti ń hù sára ewé.

Ẹ gé ẹ̀ka tó ti bàjẹ́ jù dànù. Ẹ po ọṣẹ olómi ṣíbí kékeré kan mọ́ omi lítà 1, kí ẹ fọ́n ọn sí abẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́. Bí oòrùn bá mú, ọṣẹ á jó ewé. Ẹ tún un ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí ọṣẹ kì í sábà pa ẹyin rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè sáré fọ́n oògùn líle: ó ń pa àwọn kòkòrò mìíràn tó ń bá yín jẹ kòkòrò funfun yìí náà.