Ẹ Bi Ìyá Ọlọ́gbà: Ìkòkò Tó Ń Làágùn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́tà pọ̀ lóṣù yìí, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ni àyè gbà. Mo mú èyí tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ omi ṣíwájú, torí ọyẹ́ ti la ètè gbogbo wa.

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ayálégbé ni wá ní Olódó, n'Ìbàdàn. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo àgbàlá, inú àpò ìrẹsì mẹ́jọ ni mo gbin tẹ̀tẹ̀ àti ata rodo sí. Nígbà òjò, a ò ra ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, bí mo bá bomi rin wọ́n láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ewé á ti rọ. Omi tí à ń lò, rírà ni. Ọkọ mi ní kí n pa ọgbà tì títí òjò á fi padà. – Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ọ̀rọ̀ ọkọ yín ò burú, ẹni tó ń ra omi ló mọ iye tó ń ná. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pa á tì. Omi tí ẹ̀ ń bù sórí ilẹ̀ láàárọ̀, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ló ń mu ún, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dé ìdí ata.

Ẹ jẹ́ n bi yín: ṣé ẹ rí àmù rí? Nílé ìyá ìyá mi ní Ìsẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tó ṣókùnkùn ni àmù máa ń wà. Bó ti wù ká nù ún tó, ara rẹ̀ kì í gbẹ. Mo bi màmá àgbà bóyá ó ti sán ni. Ó ní rárá, ó ń làágùn ni, òógùn yẹn ló ń jẹ́ kí omi inú rẹ̀ tutù. Ó lé ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà kó tó yé mi pé òógùn kan náà lè bomi rin ata. Amọ̀ tí wọ́n sun tí wọn ò fi nǹkan kan kùn lára máa ń ní ihò tíntìntín tí ojú ò lè rí. Bí ẹ bá ri irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ẹ rọ omi kún un, ilẹ̀ tó gbẹ á máa fa omi náà jáde díẹ̀díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti rin, fífà á dínkù. Gbòǹgbò ata á wá a kàn níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá hú ìkòkò náà, ẹ ó bá wọn lára rẹ̀, wọ́n á ti wé mọ́ ọn bí òwú.

Orù kékeré ni kí ẹ wá, èyí tó gba bíi líta méjì sí mẹ́ta, tí ọrùn rẹ̀ ò fẹ̀. Àwọn tó ń ta ìkòkò àgbo lọ́jà máa ń ní in. Ẹni tó bá ń gba Ìlọrin kọjá, kó yà sí ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin amọ̀kòkò ní Dàda. Ẹ má ra èyí tó ń dán tàbí tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, kò ní làágùn. Kí ẹ tó rì í, ẹ dán an wò: ẹ rọ omi kún un lálẹ́, ẹ gbé e sórí sìmẹ́ńtì gbígbẹ. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ara rẹ̀ rin, tí ojú sìmẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀ sì dúdú díẹ̀, ó ti yege. Bí omi bá ti ṣàn kiri àgbàlá, ó ti sán nìyẹn, ẹ gbin gbúre sínú rẹ̀.

Ẹ ri orù náà sáàrin àpò dé ọrùn, ẹ gbin ata mẹ́ta yí i ká, kí ìbú ọwọ́ kan wà láàrin ata àti ìkòkò. Ẹ fi àwo tàbí òkúta pẹlẹbẹ dé ẹnu rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀fọn á sọ ọ́ di ilé ìgbẹ̀bí. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ méjì-méjì, kí ẹ rọ omi kún un kó tó gbẹ tán. Ti tẹ̀tẹ̀ yàtọ̀ o. Gbòǹgbò rẹ̀ kéré nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, kò lè dé ibi òógùn. Ọwọ́ ni kí ẹ fi máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, nírọ̀lẹ́. Ike omi tí ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ìdérí rẹ̀ ti tó. Wọ́tákáànù tí mo fowó gidi rà, inú ilé adìẹ ló wà báyìí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bo ojú ilẹ̀ àpò. Èèpo ẹ̀pà, háhá àgbàdo, koríko gbígbẹ tí kò tíì so, ohunkóhun tí ẹ bá rí, kó nípọn tó ìka mẹ́ta, kó má ṣe kan igi ata kó má baà rà. Ẹ tún gbé àwọn àpò yẹn kúrò lórí sìmẹ́ńtì lásán. Sìmẹ́ńtì tí oòrùn ti yan ń sun gbòǹgbò láti ìsàlẹ̀, ẹ rò pé omi ni ata ń wá, iná ló wà lábẹ́ rẹ̀. Pákó méjì lórí búlọ́ọ̀kù ti tó, níbi tí òjìji ògiri á ti máa bò wọ́n lẹ́yìn aago kan ọ̀sán. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀wà, ata ni kó mu ún. Èyí tí ọṣẹ ìfọṣọ bá ti wọ̀, ẹ dà á nù.

Ìyá Ọlọ́gbà, mo kí yín. Mo ti fẹ̀yìn tì, Òṣogbo ni mo wà. Ọmọ mi ra irinṣẹ́ ọgbà aláwọ̀ mèremère ránṣẹ́ sí mi, oṣù kan ò pé tí ṣọ́bìrì kékeré inú rẹ̀ fi tẹ̀. Kí ni ká rà? Bákan náà, mo da ìgbẹ́ adìẹ sídìí tòmátì mi, gbogbo rẹ̀ ló kú. – Bàbá Tíṣà

Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yín, kí ẹ máa fi ṣọ́bìrì rẹ̀ bu yanrìn. Ní ti ilẹ̀ tó ti gbẹ le, ẹ lọ bá alágbẹ̀dẹ. Irin síprínì ọkọ̀ tó ti kú ni púpọ̀ nínú wọn fi ń rọ ọkọ́, kì í tẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹ ní kí ojú rẹ̀ má ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kí èrúkọ́ rẹ̀ gùn ju ti àwọn baba wa lọ, nítorí ẹ̀yìn. Bíbẹ̀rẹ̀ ló ba ẹ̀yìn ìyá mi jẹ́. Ẹ fi àdá kékeré àti fáìlì tí ẹ ó fi máa pọ́n wọn kún un. Ìyókù, ọ̀bẹ àlòkù inú ilé ìdáná lè ṣe é.

Ní ti ìgbẹ́ adìẹ, mo ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ogún ìdí ata ni mo fi tútù rẹ̀ sí lọ́jọ́ kan, mo rò pé mò ń ṣe wọ́n lóore. Kó tó pé ọjọ́ mẹ́rin, etí ewé ti jóná bíi ti ewé tó kan iná. Ìgbẹ́ adìẹ tútù ti le jù fún gbòǹgbò. Ẹ da ewé gbígbẹ pọ̀ mọ́ ọn, kí ewé pọ̀ ju ìgbẹ́ lọ, ẹ wọ́n omi sí i kó rin bíi kànrìnkàn tí a ti fún, ẹ fi tapólì bò ó. Ẹ máa yí i ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ ki ọ̀pá irin bọ àárín rẹ̀: bí ẹ bá yọ ọ́ tó ń jóni lọ́wọ́, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí kò bá gbóná mọ́, tí kò rùn mọ́, tí ẹ ò mọ èyí tó jẹ́ ewé yàtọ̀ sí ìgbẹ́, ó ti di ajílẹ̀. Lọ́dọ̀ mi, ó máa ń tó oṣù méjì.

Ẹ ǹlẹ́ mà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo gbin èso ewédú sínú ike létí fèrèsé ní oṣù kẹrin, mẹ́ta péré ló hù, wọ́n sì ràn. Ṣé èso tí wọ́n tà fún mi ti kú ni? – Ọmọ yín

Ọmọ mi, kò kú, oorun ló ń sùn. Èèpo èso ewédú le. Di í sínú aṣọ, rì í bọ inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ka ení títí dé ẹẹ́wàá, yọ ọ́, kí o sọ ọ́ sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Má gbàgbé ara ẹ sídìí fóònù, bó bá pẹ́ níbẹ̀ ó ti di ọbẹ̀. Gbìn ín lọ́jọ́ kejì. Pé àwọn mẹ́ta yẹn ràn, òtútù ni: ooru ni ewédú ń fẹ́. Inú ilé níbi tó móoru ni kó wà títí oṣù karùn-ún á fi parí. Bí o bá ń kánjú, wá èso tẹ̀tẹ̀ tí àwọn ará Jàmáíkà ń pè ní callaloo, ìyẹn rọrùn jù. Bí ewédú bá ti ga tó orúnkún, gé orí rẹ̀, má fà á tu, á yọ ẹ̀ka. Ní ti ìjábẹ̀ tí o máa fi jà á, ìyá rẹ ni kí o bẹ̀ kó fi ránṣẹ́.