Áńpù tí mo fẹ́ràn jù, àti èyí tí kò ní wọ ọkọ̀ mi mọ́

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará. Ará wa kan ní Ìsánlú ló béèrè pé nínú àwọn áńpù oní-transísítọ̀ (transísítọ̀ ni ẹ̀yà kékeré tó ń sọ ohùn di ńlá nínú áńpù) tí a ti lò, èwo la fẹ́ràn jù, èwo la kò sì fẹ́ fojú rí mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn fẹ́ ra ọ̀kan, wọn yóò sì tún máa gbé e jáde fún ìsọjí àti ìsìnkú. Ẹnì kan ti dá a lóhùn pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, kí wọ́n ṣáà ra èyí tí owó wọn bá ká.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Bí a bá gbé áńpù méjì tó dáa sínú yàrá kan, tí iná dúró ṣinṣin, tí a kò sì yí wọn kọjá agbára wọn, agbára káká ni ẹ fi máa mọ èyí tó ń kọrin. Ṣùgbọ́n ta ló ń rí irú yàrá bẹ́ẹ̀ lò ní Kàbbà níbí? Òde là ń gbé e lọ. Abẹ́ kánópì là ń tò ó sí lọ́sàn-án gangan, eruku pupa ń wọ inú rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń gbé áńpù, fáànù, gílóòbù àti fíríìjì ẹni tó ń ta ọtí. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti ń yọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni QSC RMX 2450. Kò lẹ́wà, ó sì wúwo, ọmọ iṣẹ́ mi máa ń kùn bó bá ti rí i. Tíránsífọ́mà onírin gidi ló wà nínú rẹ̀. Bí sípíkà 8 ọ́ọ̀mù kan (ọ́ọ̀mù ni òṣùwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́nà) bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, òsì àti ọ̀tún, bíi 500 wáàtì ló ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá so méjì méjì tó fi di 4 ọ́ọ̀mù, ó di bíi 750. Kíláàsì H ni: nígbà tí orin bá ń lọ jẹ́jẹ́, fólítì kékeré ló ń lò, ìgbà tí ìlù bá dún gbì ló tó ń fa ti ńlá. Ìdí nìyẹn tí ooru rẹ̀ kì í fi í pọ̀ tó ti àwọn àgbà áńpù. Iwájú ni afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà jáde, nítorí náà ẹ̀yìn ni kí ẹ máa nu eruku kúrò.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ jù wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn swíìṣì wínníwínní kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé orí bírò lẹ máa fi tì wọ́n, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ háyà kì í tilẹ̀ wò wọ́n. Àwọn kan nínú wọn kì í jẹ́ kí orí ohùn gé pẹrẹsẹ bí a bá yí áńpù kọjá agbára rẹ̀. Àwọn mìíràn ń gé bàásì tó bá lọ sísàlẹ̀ ju 30 tàbí 50 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ dànù, ìyẹn bàásì tí sípíkà òde kò lè gbé, tó kàn ń jẹ iná lásán. Irú méjèèjì yìí nìkan ni kí ẹ tan. Ọ̀pọ̀ tùwítà, ìyẹn sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tínrín, tó ń jó lóde, kì í ṣe pé áńpù tóbi jù fún un. Áńpù ló kéré, tí DJ sì ń yí i títí tí orí ohùn fi gé pẹrẹsẹ. Ohùn tó gé bẹ́ẹ̀ ń bí ariwo tínrín tó pọ̀, orí tùwítà ni gbogbo rẹ̀ sì ń dà lé.

Ọ̀rọ̀ iná náà ńkọ́? Áńpù onítíránsífọ́mà kì í bínú sí iná tó rẹlẹ̀. Bí Nẹ́pà bá mú 170 fólítì wá dípò 230, ó ṣì máa kọrin, agbára tó lè jáde ló máa wálẹ̀ sí bí ìdajì. Àwọn èèyàn á ní, “Ohùn yín ò ròkè lónìí o,” ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tó jó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Peavey CS-800. Àwọn ọdún 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Meridian, ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà. 400 wáàtì ni fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní 4 ọ́ọ̀mù, ó sì wúwo ju 20 kílò lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà ní Ìjùmú tí tiwọn ṣì ń ṣiṣẹ́, tí ọmọ ẹni tó kọ́kọ́ máa ń tan-án ló ń tan-án báyìí. Bí transísítọ̀ rẹ̀ bá lọ, ẹni tó ń tún rédíò ṣe lọ́jà lè tú u, kó sódà òmíràn sí i. Ẹ bá mi wá ẹ̀rọ òde òní tó gbà fún irú ìyẹn.

Ìyẹn gan-an ni ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú Crown XLS 1500, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Kíláàsì D ni, irú tí transísítọ̀ rẹ̀ ń tan tó sì ń pa wàràwàrà, kò tó 4 kílò, mo lè gbé e sórí itan lórí ọ̀kadà dé Ìyàrá. 300 wáàtì ní 8 ọ́ọ̀mù, 525 ní 4 ọ́ọ̀mù, ohùn rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan inú rẹ̀ kéré débi pé bó bá kú, kò sẹ́ni tí mo mọ̀ ládùúgbò wa tó lè ṣí i. Lọ́kọ́jà tàbí Àbújá ló ń lọ. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ti inú ilé nìkan, tí ẹ sì ní stabiláísà, òun ni kí ẹ rà.

  

Ó wá ku èyí tí n kò fẹ́ rí mọ́: àwọn áńpù ọjà tí ojú wọn ń dán yinrin, tí wọ́n kọ 5000 tàbí 6000 wáàtì sí lára. N kò ní dárúkọ, orúkọ wọn pọ̀, inú wọn sì jọra. Ẹni kan háyà irú rẹ̀ mọ́ sípíkà mi fún ìsìnkú ìyá àgbà kan. Ọ̀sán ti pọ́n, àwọn ọmọ olóòkú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jó wọlé ni ohùn já ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Mo débẹ̀, mo rí i tí páálí bàásì ti yọ síta, ó dúró gbagidi, kò gbọ̀n, kò padà. Kí n tó fa wáyà yọ, òórùn rẹ̀ ti jáde. Transísítọ̀ ìparí ló ti lẹ̀ mọ́ra wọn, iná tààrà, irú èyí tó ń ti inú bátìrì wá, ló sì ń wọ sípíkà lọ. Áńpù tó dáa ní swíìṣì ààbò tó máa já wáyà lójú ẹsẹ̀ bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Èyí kò ní rárá.

Nígbà tí a tú u, wọ́n kọ 2SC5200 àti 2SA1943 sára àwọn transísítọ̀ náà, irú èyí tí Toshiba ṣe láti gbé tó 15 áńpíà. Oníṣẹ́ rédíò fi píláyà fọ́ ọ̀kan. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kò ju orí ìṣáná lọ. Ayédèrú ni. Irin tó yẹ kó máa fa ooru kúrò lára wọn náà fẹ́lẹ́ débi pé mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí ohun tí wọ́n kọ síwájú tàn yín jẹ. Ẹ̀yìn ni kí ẹ lọ, kí ẹ wo fíúsì. Bó bá jẹ́ 5 áńpíà ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ fi 5 sọ 230 di púpọ̀: 1150 wáàtì ni gbogbo ohun tó lè máa fà lára iná. Ìlù lè gbé e kọjá bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, fíúsì á fara dà á. Ṣùgbọ́n níbo ni 6000 ti fẹ́ wá? Iná tí kò wọlé kò lè jáde.

Ará Ìsánlú, bó bá jẹ́ tèmi, RMX 2450 tí wọ́n ti lò ni mo máa wá. Ẹ má so sípíkà mẹ́rin 8 ọ́ọ̀mù pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, 2 ọ́ọ̀mù nìyẹn. Ó lè gbé e o, ṣùgbọ́n kì í ṣe lóòrùn wa. Tí ẹ bá sì rí èyí tí wọ́n ń tà, kí ẹ má tíì so sípíkà kankan mọ́ ọn. Ẹ tan-án, ẹ má fi orin sí i, kí ẹ gbé mítà sí DC, ìyẹn iná tààrà, kí ẹ fi kan ẹnu sípíkà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bó bá wà nísàlẹ̀ 50 mílífólítì, ẹ lè máa ná an. Bó bá fi fólítì odidi hàn yín, ẹ kí onítọ̀hún dáadáa, kí ẹ máa bá tiyín lọ.