Ṣé idẹ gidi ni ère tó wà ní lọ́bì hòtẹ́ẹ̀lì ní Abuja àbí fáíbà?

Bọ̀dá, orí ńlá aláwọ̀ idẹ tẹ́ ẹ ní ẹ rí ní lọ́bì hòtẹ́ẹ̀lì ní Maitama yẹn, ẹ rọra fi ìka kàn án kó (ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ sẹkiọ́rítì o). Tó bá dún gbangan bí agogo tó sì tutù lọ́wọ́, idẹ ni, àmọ́ tó bá dún gbọ̀ bíi bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke, fáíbà (fibreglass) ni wọ́n kun lọ́dà. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lo mágínẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ò ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀ torí kì í lẹ̀ mọ́ idẹ, kì í sì í lẹ̀ mọ́ fáíbà, irin ló ń lẹ̀ mọ́, fáíbà sì lè ní irin nínú.

Ìwọ̀n wọn náà yàtọ̀ gan-an, lítà kan idẹ tó bíi kílò 8.5, fáíbà ò sábà tó 2, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fẹ́ fáíbà tó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé e sí, owó ẹ̀ náà ò sì pọ̀ tó ti idẹ.

Ti ojú méjèèjì orí náà tó rí onígun mẹ́ta, tí wọ́n dá ihò sí láàárín, àwòkọ iṣẹ́ Nok nìyẹn, abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Kaduna ni Nok, wọ́n rí àwọn ère àtijọ́ níbẹ̀, iṣẹ́ náà sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Amọ̀ sísun ni ojúlówó ẹ̀, kì í ṣe idẹ rárá, nítorí náà bó bá tiẹ̀ jẹ́ idẹ, iṣẹ́ ayé òde òní ni.