Port-forward ń ṣí áàpù mi, ọ̀nà yòókù kò ṣí i

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo fi Flask (irinṣẹ́ Python tí wọ́n fi ń kọ áàpù orí wẹ́ẹ̀bù) kọ áàpù kékeré kan fún ìyá mi tó ń ra kòkó ní Òǹdó, kí wọ́n lè máa kọ iye àpò àti owó àwọn àgbẹ̀ síbẹ̀. Mo dì í sínú Docker (tó ń di áàpù àti ohun tó nílò pọ̀ sójú kan), orí minikube (Kubernetes kékeré tó ń ṣiṣẹ́ lórí laptop; Kubernetes ló ń darí àwọn áàpù tí a dì bẹ́ẹ̀) ló sì wà nínú laptop Windows mi, ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa níbí l'Àkúrẹ́. Bí mo bá lo `kubectl port-forward` (àṣẹ tó ń la ọ̀nà tààrà láti laptop wọ inú áàpù), ó ń ṣí. Bí mo bá tẹ `http://192.168.49.2:30080`, á kàn máa yí títí ni. Fóònù mi náà kò rí i. Mo ti tún Service (ẹnu ọ̀nà tí Kubernetes fi ń darí ìbéèrè sí áàpù) kọ títí, pàbó ni.

Ìdáhùn: Àbúrò, bá mi kí ìyá o. Ó jọ pé ìṣòro tó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, tí ọ̀kan sì ń bo èkejì mọ́lẹ̀.

Kọ́kọ́ gbàgbé àdírẹ́ẹ̀sì yẹn. Ti minikube ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Docker Desktop ni minikube ń lò, inú Linux tí Docker gbé pamọ́ ni nẹ́tíwọ̀kì yẹn wà, Windows rẹ kò sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. O lè pààrọ̀ NodePort (port, ìyẹn nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà, tó gbẹ̀yìn àdírẹ́ẹ̀sì yẹn) láti 30000 títí dé 32767, kò ní ṣí. `minikube service koko --url` ni kó o tẹ̀, kó o fi orúkọ Service rẹ síbi koko. Á fún ọ ní 127.0.0.1 àti port kan. Má pa terminal yẹn dé o, òun ló di ọ̀nà náà mú.

Bí ìyẹn náà bá kọ̀, port-forward tó ń ṣí yẹn ló ń tàn ọ́ jẹ. Kódà bó o bá kọ `service/koko` sí i, pod kan (àpótí tí áàpù ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀) ló máa mú, á wọ inú rẹ̀ lọ, á sì kan localhost (127.0.0.1) ibẹ̀. Àlejò tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ni, kò lè mọ̀ bóyá wọ́n ti ìlẹ̀kùn iwájú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí a kò bá sọ nǹkan kan fún Flask, 127.0.0.1 nìkan ló ń gbọ́, lórí port 5000. Nínú pod, ara pod fúnra rẹ̀ nìyẹn. Pod mìíràn nínú cluster (àkójọ Kubernetes) kan náà kò lè bá a sọ̀rọ̀.

Tẹ `kubectl get endpoints koko` láti rí pod tí Service ń rán ìbéèrè sí. Bó o bá rí `<none>`, selector inú Service (àmì tó fi ń wá pod) kò bá label ara pod (àmì tí a lẹ̀ mọ́ ọn) mu: o kọ `app: koko` síbì kan, o kọ `app: cocoa` síbòmíràn. Bó o bá rí nǹkan bíi `10.244.0.7:5000`, label dáa. Wo nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa. Bó bá jẹ́ 80, targetPort (port pod tí Service ń rán ìbéèrè sí) lo kọ sódì. Bó bá jẹ́ 5000, rán pod mìíràn lọ wò ó (fi port Service rẹ síbi 5000 bó bá yàtọ̀):

`kubectl run idanwo --rm -it --restart=Never --image=busybox -- wget -qO- http://koko:5000`

“Connection refused” ló sọ? Flask ni. Kọ `flask run --host=0.0.0.0` sínú Dockerfile, kó o tún image náà (áàpù tí Docker dì) kọ́. Pè é ní `koko:2`, má pè é ní latest: bí o kò bá yí imagePullPolicy (ìlànà tó ń sọ ìgbà tí yóò lọ wá image síta), orí íntánẹ́ẹ̀tì ni Kubernetes máa lọ wá latest, kò sì ní bá a níbẹ̀. `minikube image load koko:2` ló máa gbé e wọlé; wá yí orúkọ rẹ̀ nínú Deployment (ibi tí o ti sọ image tí pod máa lò).

Ti fóònù rọrùn. 127.0.0.1 ni port-forward máa ń dúró sí, laptop nìkan ló ń rí i. Tẹ `kubectl port-forward --address 0.0.0.0 service/koko 8080:5000`, fi `ipconfig` wá IPv4 laptop, kó o tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù pẹ̀lú `:8080`. Bó bá ń yí títí, firewall Windows ni kó o lọ bá. Bó bá kọ̀ lójú ẹsẹ̀, port-forward ti kú. Hotspot fóònù rẹ ni kó o lò, torí ọ̀pọ̀ Wi-Fi họ́sítẹ́ẹ̀lì kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ méjì rí ara wọn. Ohun tó ń lọ láàárín fóònù àti laptop kì í jẹ dátà.

Bó o bá ti dán an wò tán, Ctrl+C. Kò yẹ kí gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì máa ka owó kòkó ìyá rẹ.