Ìbéèrè Yín Lórí Ọgbà: Kọ́nífà Kékeré Ń Dàgbà, Ó Kàn Ń Rọra Ṣe É Ni

Kọ́nífà ni ìdílé àwọn igi bíi páìnì, firi àti kedari, tí ewé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kì í já bọ́ tán nígbà òtútù. Mẹ́ta nínú àwọn ìbéèrè tí ẹ kọ sí wa lórí àwọn kékeré inú wọn nìyí.

*Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Ní nǹkan bí ọdún 15 sẹ́yìn, mo ra kọ́nífà kan tí wọ́n kọ “Ellwoodii” sí lára, mo sì gbìn ín sábẹ́ fèrèsé pálọ̀ wa nítorí wọ́n ní aràrá ni. Ó ti ga jù mí lọ báyìí, ó sì ti dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ wa. Bàbá Ìbejì fi ayùn gé apá kan rẹ̀ dé ibi tí kò ti sí ewé mọ́, láti ìgbà náà ibẹ̀ kò sì rúwé. Ṣé yóò tún hù? — Ìyá Ìbejì, Kent*

Ìyá Ìbejì, a kí yín, a sì bá yín kẹ́dùn, nítorí ibi tí Bàbá Ìbejì gé yẹn kò ní rúwé mọ́. Ẹni tí ó bá ti rí bí dóńgóyárò ṣe ń yọ ọ̀mùnú lẹ́yìn tí wọ́n gé e dé kùkùté yóò rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo igi rí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kọ́nífà kì í rúwé láti ara ẹ̀ka gbígbó tí ewé ti tán lára rẹ̀. Igi yew, tí ẹ máa ń rí ní àyíká àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn díẹ̀ tí ó yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ “aràrá” gan-an ni ó ṣì yín lọ́nà. Lẹ́nu àwọn tí ń ta igi, kò túmọ̀ sí igi tí ó ga dé ibì kan tí ó sì dúró síbẹ̀, bí kò ṣe igi tí ó ń rọra ga. Ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ kọ́nífà ní Amẹ́ríkà, American Conifer Society, fi iye tí igi ń fi ga lọ́dún pín wọn sí ìsọ̀rí: èyí tí kò tó ínǹṣì 1 lọ́dún ni ó kéré jù, èyí tí ó ń fi ínǹṣì 1 sí 6 ga ni wọ́n ń pè ní aràrá. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: èyí tí ó bá ń fi ínǹṣì 6 ga lọ́dún yóò ti fi ẹsẹ̀ bàtà 5 ga sí i ní ọdún 10, síbẹ̀ aràrá ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, gíga tí wọ́n kọ sára páálí tí wọ́n so mọ́ igi náà, ti ọdún 10 ni, kì í ṣe ibi tí yóò dúró sí. Ellwoodii lè kọjá mítà 3, lójú tèmi kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa tò ó sáàárín àwọn aràrá rárá.

Bí ibi tí kò rúwé mọ́ náà bá kọjú síta, ẹ hú igi náà. Ẹ fi “Nana Gracilis”, irú sípírẹ́sì kan láti Japan tí ń rọra dàgbà gan-an, rọ́pò rẹ̀, tàbí juniper “Compressa”, tí ó dúró ṣánṣán bí òpó, tí kì í sì í sábà kọjá mítà 1. Oṣù Kẹwàá dára fún gbígbìn wọn, níbi tí omi kì í ti í dúró sí. Bí ẹ bá sì fẹ́ gé wọn, kí ọ̀bẹ má ṣe kọjá ibi tí ewé tútù wà.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Nígbà Kérésìmesì ni mo ra spruce “Conica” kan nínú ìkòkò, tí ó rí bí òkòtó tí a dorí rẹ̀ kodò. Ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó kọjú sí ògiri ti gbẹ, ẹ̀ka gbọọrọ kan sì yọ lára rẹ̀ tí kò jọ àwọn yòókù. Ṣé òùngbẹ ni àbí àrùn? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Manchester*

Àbúrò, tẹ́ ìwé funfun sábẹ́ ẹ̀ka tí ó ń gbẹ, kí o sì gbọn ẹ̀ka náà sórí rẹ̀. Bí àwọn ohun bíńtín bí ata gígún bá ń rìn lórí ìwé náà, tí òwú tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàárín ewé, kòkòrò wẹ́wẹ́ kan tí ó jẹ́ ìbátan aláǹtakùn ni ó ń fa oje rẹ̀. Gbé ìkòkò náà kúrò lẹ́bàá ògiri, kí o máa fi omi tí ó lágbára fọ àwọn ẹ̀ka náà léraléra, abẹ́ ewé pàápàá.

Òùngbẹ náà lè lọ́wọ́ sí i. Ewé kọ́nífà kì í rọ bí ewé tẹ̀tẹ̀ kí o tó mọ̀ pé omi tán; ìgbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá fi yí padà, ó máa ń pẹ́ jù. Orí Conica sì dí bí abùradà, débi pé òjò Manchester pàápàá, tí kì í ṣe kékeré, lè máa ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kọjá. Ìka ni kí o máa tì bọ inú iyẹ̀pẹ̀, má wo ojú sánmà. Lọ́dún tó ń bọ̀, má ṣe jẹ́ kí ó ju ọjọ́ 10 lọ nínú ilé tí hítà ń gbóná.

Ẹ̀ka gbọọrọ yẹn ni ó dùn mọ́ mi jù. Ní ọdún 1904, J. G. Jack àti Alfred Rehder, onímọ̀ igi méjì láti Arnold Arboretum, ọgbà tí wọ́n ti ń ṣèwádìí nípa igi ní Amẹ́ríkà, rí irú igi kékeré yìí nítòsí Laggan, ní Alberta, ní Kánádà. Ara spruce funfun, tí ó lè ga ju mítà 20 lọ, ni ó ti ṣẹ̀ wá. Nígbà mìíràn, ẹ̀ka kan nínú Conica a máa padà sí ìwà ìran rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Gé e láti ìdí lónìí, nítorí bí o bá fi í sílẹ̀, yóò borí ìyókù.

*Mo fẹ́ kí ọmọ mi tí ń bọ̀ láti London bá mi mú méjì nínú àwọn igi wọ̀nyí wá sí Ìbàdàn. Kí ni kí n sọ fún un? — Alàgbà kan, Bódìjà*

Alàgbà, ẹ ní kí ó má ṣe wàhálà. Spruce àti firi nílò ìsinmi nínú òtútù lọ́dọọdún, Ìbàdàn kò sì ní irú òtútù bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ó ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NAQS, àjọ ìjọba tí ń yẹ ọ̀gbìn wò, kí ó tó kó ọ̀gbìn wọ Nàìjíríà. Thuja tí àwọn tí ń ta òdòdó máa ń kó sẹ́bàá títì, kọ́nífà ni, ó sì ń fara da ooru. Ẹ gbìn ín síbi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa. Èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní páìnì tí ń súfèé kì í ṣe kọ́nífà, bí ó ti wù kí ó jọ ọ́, ó sì ń ga ju òrùlé lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí ilé.