Ẹ Má Fi Ọsàn Wẹ́wẹ́ Kàn Án O!

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Bàbá mi tó ti dolóògbé bá òyìnbó Faransé kan ṣiṣẹ́ l'Ékòó nígbà ayé wọn, ìgbà tí òyìnbó yẹn ń padà sílé ló fún wọn ní ìkòkò òdòdó dúdú kan, kò ga tó ìgò bíà, ó ń dán bíi díńgí, wọ́n wá to nǹkan wínníwínní tó ń kọ yànràn sí i lára bí ẹyẹ àti òdòdó. Irin aláwọ̀ wúrà yí ẹnu ẹ̀ po, wọ́n kọ Cartier sí i. Àbúrò ọkọ mi ní ká fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti Omo fọ̀ ọ́, òun ti rí ẹni tó máa san ₦80,000. Ṣé ojúlówó ni? Ṣé mo lè bu omi sí i, kí n fi òdòdó sí i lọ́jọ́ ìdána ọmọ mi? Ìyá Ìbejì, Ìbarà, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kọ́kọ́ gba ọsàn yẹn lọ́wọ́ àbúrò ọkọ yín ná.

Tó bá jẹ́ ojúlówó, ara dúdú yẹn kì í ṣe ọ̀dà o. Oje igi ni, igi kan tó ń hù ní Ṣáínà, Jàpáàn àti Kòríà, wọ́n á kọ èèpo ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ igi rọ́bà, oje tútù yẹn sì máa ń yún èèyàn lára burúkú, wọ́n á wá fi kun igi ní ìpele-ìpele, ìkan gbọ́dọ̀ le kí wọ́n tó kun òmíràn. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé oòrùn kọ́ ló ń mú un le, afẹ́fẹ́ tó lọ́rinrin ni. Ẹ wá wo ọyẹ́ tiwa tó ń la èèyàn létè, igi inú ẹ̀ á sún kì, oje á sán, àwọn wínníwínní yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹ má gbé e síwájú ẹ́sì, ẹ má sì gbé e sójú fèrèsé, oòrùn máa ń mú kí dúdú yẹn ṣá.

Nǹkan tó ń kọ yànràn yẹn, inú ìkarahun òkun ni, wọ́n gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ yí i síbí yí i sọ́hùn-ún, àwọ̀ ẹ̀ á máa yí, á di ewéko, á di pínkì. Ẹ yá gíláàsì tí àwọn atúnaagoṣe ń kì sójú, kẹ́ ẹ fi wo àwọn ẹyẹ yẹn dáadáa. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tẹ́ ẹ mọ Ìtòkú, ṣé ẹ mọ àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ àti èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ kọ lọ́wọ́? Ti ẹ̀rọ, ẹyẹ kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìkòkò yìí, tí gbogbo ẹyẹ ẹ̀ bá rí bákan náà gẹ́lẹ́, ẹ fura.

Ní ti orúkọ yẹn, ẹ jẹ́ kó gbẹ̀yìn. Lóòótọ́, Paris ni Cartier, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ọ̀ṣọ́ wúrà àti aago, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1847, nígbà tó sì di àwọn ọdún 1920 wọ́n máa ń ra iṣẹ́ oje àti ìkarahun àtijọ́ ti Ṣáínà, wọ́n á fi ṣe àpótí pówdà àti aago, wọ́n á fi wúrà yí i po. Nítorí náà irin ẹnu ẹ̀ lè jẹ́ tiwọn kí ara ẹ̀ sì ti dàgbà jù wọ́n lọ. Àwọn oníjìbìtì náà sì mọ orúkọ yẹn kọ, ẹ jàre. Ẹ wá orí ẹyẹ idì kékeré lára irin yẹn, òǹtẹ̀ tí Faransé ń lù sára wúrà kárátì 18 láti 1838 nìyẹn, ẹ tún wá nọ́ńbà tí wọ́n fín síbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀, títí kan ìdí, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí Christie's tàbí Sotheby's, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta ohun iyebíye ní gbàǹjo, lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń kánjú rà á yẹn, kí ló ń lé e?

Omi ńkọ́? Rárá o. Igi ló wà nínú ẹ̀, á wú. Ẹ ra ìkòkò gíláàsì ní Kútọ̀ fún ìdána. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ bí èyí tí wọ́n fi ń kun pówdà ni kẹ́ ẹ fi gbọn eruku ẹ̀, kì í ṣe aṣọ tó ní òwú, òwú á fa ìkarahun yọ. Tí ìkan bá já, ẹ di í sínú bébà, ẹ má fi gúlú lẹ̀ ẹ́, èmi tó ń sọ̀rọ̀ yìí ti fi gúlú ba fèrè ìyá mi jẹ́ rí.

Àbúrò ọkọ yín, ẹ fún un ní èèpo ẹyin kan kó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, nǹkan kan náà ló wà lára èèpo ẹyin àti ìkarahun. Tó bá rí i tó ń hó, tí ọsàn ń jẹ ẹ́, kó wá sọ fún yín bóyá ó ṣì fẹ́ fọ ìkòkò.