Ọ̀sẹ̀ 5 rèé tó bímọ, ẹkún ò dá

ÌBÉÈRÈ: Ìyàwó ọmọ mi bímọ ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀sẹ̀ 5 rèé. Ara ọmọ le, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ á ṣàdédé bú sẹ́kún. Ọmọ sùn, òun ò sùn. Ẹ̀kọ tí mo gbé fún un láàárọ̀, mo bá a níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó ti dì. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni, àwọn kan ní abísínwín ló ń bọ̀. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò sì jọ abísínwín.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ kà á. Bí ibi ọmọ bá ti jáde, họ́mọ̀nù, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó gbé oyún ró, á já wálẹ̀ lójijì. Ìyẹn wà lára ohun tó ń mú ọ̀pọ̀ abiyamọ sunkún láti nǹkan bí ọjọ́ kẹta. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ 2, ó ti lọ. Ti ìyàwó yín ti kọjá ibẹ̀, oúnjẹ àti oorun sì ti sá fún un: ó jọ àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì lẹ́yìn ìbímọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú obìnrin 100 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àìsàn ọkàn máa ń bá bí 13, pàápàá ìrẹ̀wẹ̀sì. Nínú aláboyún 100, bí 10. Ó lè ti wà lára rẹ̀ látinú oyún, ká máa sọ pé oyún ló ń ṣe é.

Abísínwín ṣọ̀wọ́n, obìnrin 1 tàbí 2 nínú 1,000, ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ ló sì sábà máa ń dé. Ẹni náà á máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, ó lè ní ọmọ náà kì í ṣe tòun. Tí ẹ bá rí ìyẹn, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó gbé e wá sílé ìwòsàn, ẹ má sì fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀.

Èmi tí mò ń gbẹ̀bí, ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo máa ń bẹ̀rù. Lọ́jọ́ ìkómọ, ilé kún. Tó bá yá, kálukú ti padà sóko, ó ku òun àti ọmọ. Ẹni tó bá sì yà wọlé, "ẹ kú ewu ọmọ", ọmọ ló máa nawọ́ gbà.

Tí ọmọ bá sùn, tí ilé dá, ẹ jókòó tì í. Ẹ má sọ pé, "Ọlọ́run fún ẹ lọ́mọ, o tún ń sunkún?" Ìyẹn á pa á lẹ́nu mọ́ pátápátá. Ẹ ní: "Láti ìjọ́sí, ǹjẹ́ nǹkan kan tiẹ̀ pa ẹ́ lẹ́rìn-ín? Ṣé ó ti ń wá sí ẹ lọ́kàn pé ikú yá?" Ẹ má fòyà èyí tó gbẹ̀yìn, ìbéèrè kọ́ ló ń gbin èrò náà síni lọ́kàn. Irú rẹ̀ wà nínú ìbéèrè 10 tí wọ́n ṣe ní Edinburgh lọ́dún 1987, tí a fi ń yẹ abiyamọ wò. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ náà gan-an.

Lóru, tó bá ti fọ́mọ lọ́mú tán, ẹ gba ọmọ, kó rí oorun wákàtí 3 sùn lẹ́ẹ̀kan. Àdúrà ò burú, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ní kó gbààwẹ̀. Ẹni tí ò jẹun tẹ́lẹ̀!

Bó ti wù kó rí, ẹ mú un wá sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ náà máa ń fa àárẹ̀. Fún ọ̀pọ̀, kí wọ́n máa rí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá sọ̀rọ̀ léraléra ti tó. Tó bá le jù bẹ́ẹ̀, dókítà lè kọ oògùn. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì bíi sertraline wà tí ìyá lè máa lò kó sì máa fọ́mọ lọ́mú. Tí ó bá ju agbára wọn lọ, wọ́n lè darí yín sí ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Jacquot, ní Kútọnu.

Ẹ mú ọkọ rẹ̀ dání, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Ìwé tó fi ń gba ìtọ́jú nígbà oyún, ẹ má gbàgbé ẹ̀ sílé.